Kí ẹ tó gbé ẹrù ilé yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́

1/ Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ kíkó ẹrù ilé ni mo fẹ́ sọ. Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ lásán ni o, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, ojú wa rí nǹkan. Thread rèé.

2/ Lọ́dún tó kọjá, lánlọ́ọ̀dù wa ní òun fẹ́ fi ọmọ òun sínú ilé. Màámi ní kò burú, ká kúkú padà sílé bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́. Èmi tí mo gbọ́n ju gbogbo ayé lọ, mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo ṣí Instagram. Mo rí àwọn kan: ọkọ̀ ńlá tó ń dán, àwọn ọmọkùnrin tó wọ aṣọ kan náà, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Mi ò ní dárúkọ wọn.

3/ Mo kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi fèsì: "₦85,000. Ẹ san ìdajì sílẹ̀." Wọn ò béèrè iye yàrá. Wọn ò béèrè bóyá òkè la wà tàbí ìsàlẹ̀. Àkáǹtì tí wọ́n fún mi, orúkọ ẹnì kan ló wà lórí ẹ̀, kì í ṣe ti iléeṣẹ́. Èmi ní tèmi, inú mi dùn pé mo rí ọ̀pọ̀ rà. Mo sanwó.

4/ Aago mẹ́jọ àárọ̀ la jọ sọ. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n dé, pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré kan. Ẹrù ò gbà á tán. A fi fíríìjì, kọ́bọ́ọ̀dù àti páálí ìwé bàbá mi sílé aládùúgbò. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi lé orí gbogbo ẹrù, wọn ò dè é dáadáa. Màámi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ wa ni."

5/ A kọjá iléeṣẹ́ ìrẹsì ìjọba tó wà ní Ìmọ̀ta, a dé Ìtòìkín, awakọ̀ bá dúró. Ó ní ẹrù ti pọ̀ jù, ká fi ₦60,000 kún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á já gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ létí títì. Ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Màámi jókòó síwájú ọkọ̀, wọ́n dákẹ́. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo san án. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

6/ Nígbà tá a sọ ẹrù ní Ẹ̀pẹ́, irin ẹ̀rọ ti kán, tábìlì rẹ̀ ti là. Ẹ̀rọ Butterfly yẹn dàgbà jù mí lọ. Látìgbà tí bàbá mi ti kú, òun ló ń bọ́ wa, òun ló san owó iléèwé mi. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní ìyẹn ò sí nínú àdéhùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti blọ́ọ̀kì mi.

Màámi ò bá mi wí. Wọ́n kàn fi àkísà nu ẹ̀rọ náà, wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.

7/ Ìgbà yẹn ni mo tó lọ sórí ìkànnì CAC, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wá orúkọ iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀. Mi ò rí tiwọn. Ẹ má ṣe bíi tèmi, ẹ kọ́kọ́ wò ó kí ẹ tó sanwó. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kì í ṣe ìwà o.

8/ Ẹrù tó kù ńkọ́? Aládùúgbò wa júwe bàbá kan tó ti bá a kó ẹrù lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá yìí ò sí lórí Instagram. Ó ní òun ò lè dá iye lé ẹrù tí òun ò rí, ó wá sílé. Ó fi apá wọn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó béèrè: tójò bá rọ̀, ṣé ọkọ̀ á dé ẹnu ọ̀nà yín ní Ẹ̀pẹ́? Ta ló máa gba ẹrù? Èwo ló lè fọ́? Ó ní ₦70,000.

Fún ìwọ̀nba ẹrù yẹn! Mo fẹ́ yarí. Màámi ní, "Ọ̀wọ́n là á ra ògo, ọ̀pọ̀ là á ra ọ̀bùn."

9/ A kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: ẹrù kọ̀ọ̀kan, iye owó, nọ́ḿbà ọkọ̀, orúkọ awakọ̀. Ó ní owó àwọn àgbèrò ojú ọ̀nà ti wà nínú ẹ̀, kò sí àfikún. Mo san díẹ̀ sílẹ̀, ìyókù di Ẹ̀pẹ́. Mo ya fọ́tò gbogbo nǹkan kí wọ́n tó gbé e.

10/ Ṣé nǹkan kan ò bàjẹ́? Ó bàjẹ́ o. Dígí kọ́bọ́ọ̀dù fọ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́. Kí n tó lanu, bàbá yẹn ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ọwọ́ wa ló ti bọ́. Ẹ yọ owó dígí nínú owó mi."

Ohun tí mo kọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè búra pé nǹkan ò ní fọ́. Ẹni tó lè sọ pé "ọwọ́ wa ló ti bọ́" lẹ máa wá.

11/ Torí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n: "Tó bá fọ́ ńkọ́?" Tí wọ́n bá ní "kò lè fọ́", ẹ sá. Tó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ kó fọ́tò àti rìsíìtì yín jọ, ẹ gbé e lọ sí LASCOPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń gbèjà oníbàárà. Èmi ò ya fọ́tò kankan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí?

12/ Wẹ́dà kan ní Ẹ̀pẹ́ ti jó irin ẹ̀rọ náà pọ̀, káfíńtà ti kan tábìlì tuntun. Ó ń ránṣọ, àmọ́ ariwo rẹ̀ ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ láti inú yàrá, ₦85,000 yẹn ni mo máa ń rántí.

Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó fẹ́ kó ẹrù lóṣù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i.