Orúkọ Kan Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹni tí ó bá ti gbé Ìsàlẹ̀ Èkó rí yóò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ orúkọ kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn. Obìnrin kan náà lè máa jẹ́ Rísíkátù ní mọ́sáláṣí, kí ó máa jẹ́ Àṣàkẹ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà, kí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà sì máa pè é ní Ìyá Kámọ́rù. Bí akọ̀wé tí kò mọ̀ ọ́n bá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé gbèsè, ẹnì kan ṣoṣo a di ajigbèsè mẹ́ta. Òdìkejì èyí ni mo fẹ́ sọ: orúkọ kan ṣoṣo tí a kọ lẹ́ẹ̀mejì nínú kọ̀ǹpútà.

Lórí Linux, tí Linus Torvalds ọmọ ilẹ̀ Fínlándì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, ni a gbé ọ̀pọ̀ ètò ọ̀fẹ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà kà. Ọ̀kan nínú wọn ni Fedora, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003. Nínú Fedora, a máa ń di ohun èlò kọ̀ọ̀kan bí ẹrù, a ó sì fún un ní orúkọ àti nọ́ńbà. Ìwé àkọsílẹ̀ kan sì wà nínú ẹ̀rọ náà fún gbogbo ẹrù tí ó wà nílé. Bí ẹ̀dà tuntun bá dé, ẹ̀rọ a kọ́kọ́ gbé e wọlé, a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó lé ti tẹ́lẹ̀ jáde. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí ilé kì í ṣófo nígbà kankan. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá dá iṣẹ́ náà dúró lágbede méjì, àlejò àti onílé yóò jọ jókòó sínú ìwé náà.

Kí ni ó sì ń dá iṣẹ́ dúró ní Èkó bí kò ṣe iná? Ṣáájú ọdún 1900 ni iná mọ̀nàmọ́ná ti dé ìlú yìí, síbẹ̀ a kò tíì bọ́ lọ́wọ́ òkùnkùn. Ní ọdún 2023, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n ní ìsọ̀ ìtẹ̀wé kékeré kan nítòsí Ẹnu-Ọ̀wá, ránṣẹ́ pè mí. Ọmọṣẹ́ wọn ń sọ Fedora 38 dọ̀tun lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ, kọ̀ǹpútà náà kò sì ní bátìrì. Nígbà tí iná dé, ọ̀pọ̀ ẹrù ti di méjì-méjì, ẹ̀rọ náà kò sì gbà kí a parí iṣẹ́ tí ó kù. Ìwé àwọn ọmọ tí ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò sì wà nínú rẹ̀.

Ọmọṣẹ́ náà ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n fa ọ̀kan jù nù.” glibc ni ó nawọ́ sí! Mo dì í lọ́wọ́ mú. Ẹrù yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ètò yòókù ró. Bí a bá fi tipátipá yọ ọ́, àṣẹ tí à bá fi dá a padà pàápàá kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

A kọ́kọ́ da ìwé àwọn ọmọ náà kọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ dnf check --duplicates, ó sì to àwọn tí ó di méjì lẹ́sẹẹsẹ. Kì í ṣe gbogbo méjì ni àléébù. Ẹrù kan lè wà fún x86_64, kí ó tún wà fún i686, bí ìbejì tí orúkọ bàbá wọn jẹ́ ọ̀kan. A kì í fi ọwọ́ kan irú wọn. Èyí tí nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ yàtọ̀ lórí irú ẹ̀rọ kan náà ni a ń wá.

Àṣẹ tí ó ń tún un ṣe lórí Fedora 38 nígbà náà ni dnf remove --duplicates. Ó ń lé ẹ̀dà àtijọ́ jáde, ó sì ń tún ẹ̀dà tuntun gbé kalẹ̀, nítorí náà ó ń fẹ́ dátà. Iná wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò gbà á gbọ́. Wọ́n rán ọmọ náà lọ ra epo, orí jẹnẹrétọ̀ ni a sì ti ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo tún yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ kò sọ nǹkan kan.

Kernel nìkan ni ó ṣì wà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Fedora ni ó ń fi mẹ́ta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a lè fi ti tẹ́lẹ̀ tan ẹ̀rọ bí ti tuntun bá kọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí n lé àgbà méjì náà jáde. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n jókòó.