Ìbọn Afẹ́fẹ́ Àkọ́kọ́ Tí A Rà, Àti Owó Tó Bá A Lọ

Ó pẹ́ tí a ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí. Lónìí, àwa náà mú tiwa wá. Ẹ fi wá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ fi wá kọ́gbọ́n pẹ̀lú.

Àwa mẹ́rin ni: ọmọ Kétu méjì, ọmọ Ṣábẹ kan, àti àǹtí wa tó jẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́. Ilẹ̀ Faransé la ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan níbi iṣẹ́ mú wa lọ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn ṣe eré ìdárayá. A rò pé ariwo la máa bá níbẹ̀. Kò sí ariwo. Àwọn ènìyàn tò sórí ìlà, olúkúlùkù na ọwọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ń yin ìbọn afẹ́fẹ́ kékeré sí bébà tó wà ní mítà 10 sí wọn. Arúgbó wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni eré náà wọ̀ wá lára.

A pe bàbá wa ní Kétu lórí fóònù. Ọdẹ ni wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹran wo lẹ fẹ́ pa nílùú òyìnbó?"

A ní, "Bàbá, bébà ni."

Wọ́n ní, "Bébà! Ta ni yóò wá sè é?"

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Eré yìí wà nínú Òlíḿpíìkì láti ọdún 1988. Òjé ni wọ́n fi ṣe ọta rẹ̀, mílímítà 4.5 ni ìbú rẹ̀, orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ kí ihò tó máa lu sára bébà lè mọ́ kedere. Ojú àmì tó ń fúnni ní máàkì 10 kò ju mílímítà 11.5 lọ. Ọta 60 ni àgbà máa ń yìn nínú ìdíje. Ìbọn náà kò gbọdọ̀ wúwo ju gírámù 1500 lọ. Irin tí ìka ń fà kò sì gbọdọ̀ rọ̀ jù: wọ́n á fi òṣùwọ̀n gírámù 500 kọ́ ọ, tí kò bá lè gbé e, ìbọn yẹn kò ní wọ ìdíje.

Ẹgbẹ́ wa ní ìbọn tí wọ́n fi ń yá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wa ní, "Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ lo tiwa fún oṣù mẹ́fà ná." Etí wa gbọ́, ọkàn wa kò gbà. Lójú wa, ẹni tó ń yá nǹkan lò kò tíì di ọmọ ẹgbẹ́.

A lọ wo iye tí wọ́n ń tà á. Àwọn ìbọn tí a ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ sí ìdíje ńlá, bíi Steyr ti Austria, Walther àti Feinwerkbau ti Jámánì, Morini ti Switzerland, Pardini ti Ítálì, tuntun wọn sábà máa ń ju 1,000 yúrò lọ, òmíràn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 656, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rù bà wá. Ìgbà náà la rí ọ̀kan tí wọ́n ti lò, èyí tó ń lo ìgò afẹ́fẹ́, ní 460 yúrò. A dá 115 yúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó lé ní sẹ́fà 300,000 tí a kó fún ẹni tó tà á. Ọmọ Ṣábẹ àárín wa ti ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún páànù ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Ó ní kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀, òun á ti rí òmíràn fi ránṣẹ́.

A gbé ìbọn náà dé ẹgbẹ́ pẹ̀lú ayọ̀. Ọkùnrin tó ń rọ afẹ́fẹ́ sínú ìgò yí ìgò náà po, ó fi ọdún tí wọ́n tẹ̀ sí i lára hàn wá, ó mi orí. Ìgò náà ti kọjá ọdún 10. Afẹ́fẹ́ inú irú ìgò bẹ́ẹ̀ máa ń tó bárù 200, bẹ́ẹ̀ táyà mọ́tò kì í sábà ju bárù 2 tàbí 3 lọ. Ọdún 10 ni àwọn tó ń ṣe é fi sí i. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rọ ọ́ fún yín nínú ẹgbẹ́ wa. A wá ìgò tuntun títí, a kò rí èyí tó bá irú ìbọn àtijọ́ yẹn mu. Ẹni tó tà á fún wa kò gbé fóònù mọ́.

Kò tán síbẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni àǹtí wa. Èèkù ìbọn náà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, ọwọ́ ọkùnrin títóbi pàápàá. Àwa mẹ́rin la jọ ra ìbọn: ẹnì kan kò lè dì í mú, àwọn mẹ́ta kò lè yìn ín.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní Ṣábẹ. Ìyá pe ọmọ wọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà? Òjò ti ń rọ̀ níbí o." Wọn kò dárúkọ páànù. Ohun tó dùn wá jù nìyẹn.

A padà sídìí ìbọn yíyá, a sì fi ara balẹ̀ kọ́ ohun tó yẹ ká ti kọ́ kí a tó náwó. Ohun tí a rí rèé.

Èèkù ni ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe orúkọ tó wà lára ìbọn. Ẹ dì í mú, ẹ di ojú, ẹ na ọwọ́ síwájú, kí ẹ wá la ojú. Bí ojú ìbọn méjèèjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, bá tò láì jẹ́ pé ẹ fi agbára yí ọrùn ọwọ́, ó bá yín mu. Ọlọ́wọ́ òsì gbọ́dọ̀ béèrè èèkù ọlọ́wọ́ òsì kó tó sanwó.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ibi tí agbára rẹ̀ ti ń wá. Àwọn àtijọ́ kan ń lo sípíríǹgì, bíi Feinwerkbau 65. Iṣẹ́ rẹ̀ dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹ wo rọ́bà inú rẹ̀ bóyá ó ti gbó. Àwọn kan wà tí ẹ máa fi ọwọ́ fa irin wọn lẹ́ẹ̀kan fún ọta kọ̀ọ̀kan, bíi Gamo Compact ti Sípéènì, FAS ti Ítálì, àti Baikal IZH-46M ti Rọ́ṣíà. Àwọn wọ̀nyí kò nílò ìgò, ìbọn kì í sì í fò lọ́wọ́ ẹni. Àléébù wọn ni pé ẹni tó bá fa irin náà nígbà 60, apá á ro ó. Ọmọdé kì í lè fà á. Ìkẹta ni onígò. Òun ló rọrùn jù láti yìn, àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti lò, ẹ ka ọdún ara ìgò kí ẹ tó ka owó. Èyí tí wọ́n ṣe bí ìbọn inú fíìmù, ohun ìṣeré ni. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé owó ìbọn kọ́ ni gbogbo owó. Agolo ọta 500, tí ẹ bá ń yin 60 lẹ́ẹ̀kan, kò lò ju ìgbà mẹ́jọ lọ. Owó ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Òjé ni ọta, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ní Faransé, ẹni tí kò pé ọdún 18 kò lè ra á. Tí ẹ bá sì ń bọ̀ nílé, ẹ má kàn tì í sínú báàgì pé ìbọn afẹ́fẹ́ lásán ni. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹ tó gbéra.

Ọdún kan gbáko la fi yá ìbọn. Páànù Ìyá la kọ́kọ́ jọ rà, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn ìyẹn la wá ra FAS 604 kan tí wọ́n ti lò, 220 yúrò, lẹ́yìn tí olùkọ́ wa ti yìn ín wò lójú wa. Àwa mẹ́ta ń lò ó. Àǹtí ṣì ń yá ti ẹgbẹ́ tó ní èèkù ọlọ́wọ́ òsì, òun ló sì ń gba máàkì jù wá lọ. Ìbọn àkọ́kọ́ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà míì, a máa ń gbé e sókè níwájú ògiri funfun láti fi kọ́ bí ọwọ́ ṣe ń dúró láì gbọ̀n. Ìbọn tó gbọ̀n wá lówó ló ń kọ́ wa bí a kò ṣe ní gbọ̀n.

A ròyìn gbogbo rẹ̀ fún bàbá ọdẹ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣakabùlà tí mò ń lò, ọdún méjì ni mo fi ń bá ọ̀gá mi gbé tiwọn kí n tó ní tèmi. Ojú yín ló ra ti àkọ́kọ́ yẹn. Ọwọ́ ló ń ra ìbọn."

Ẹ̀yin ará, tí ọmọ yín tàbí àbúrò yín lókè òkun bá ní òun fẹ́ wọ irú ẹgbẹ́ yìí, ẹ má dá a dúró. Ẹ kàn sọ fún un kó yá ná. Ire o.