Ará Kétu Dé Etí Òkun

Àwòrán kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Marseille fi í ránṣẹ́ sí mi: òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú òkun, òkúta gíga yí wọn ká, omi náà dúró jẹ́ẹ́ bí èyí tó wà nínú àmù. Mo ní èmi náà yóò lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun kí n tó pé ọgọ́ta ọdún.

Ọmọ Kétu ni mí. Lórí òkè pẹrẹsẹ tiwa, òùngbẹ là ń bẹ̀rù. Kànga jìn, omi òjò tó ṣàn láti orí páànù ni ìyá mi ń gbè sínú ìkòkò, abọ́ kan la sì fi ń wẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ta ni ì bá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?

Mo wọkọ̀ nítòsí Akaba Ìdènà, ẹnu odi àtijọ́ wa. Ọkọ̀ ènìyàn márùn-ún ni, awakọ̀ kó méje sí i, ó tún ti ewúrẹ́ sí bùùtù. Bí ọ̀dà bá ti wà lójú ọ̀nà, àwọn awakọ̀ wa a máa rò pé ikú ti kó kúrò níbẹ̀. Pobẹ̀, Àjàṣẹ́, Kútọnu, lọ́jọ́ kejì mo dé Grand-Popo, ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tí òkun wà níwájú rẹ̀, tí odò Mono wà lẹ́yìn rẹ̀.

Omi ti dé orúnkún mi nígbà tí ẹnì kan pariwo. Bàbá apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi àgbọn ni. Kò kí mi. Ó gbá mi lápá mú, ó fà mí jáde bí ẹni ń lé ewúrẹ́ nídìí iṣu. Inú bí mi. Ó bi mí níbi tí mo ti wá, mo sọ fún un, ó bá fi Yorùbá tó já gaara sọ pé ọmọ Pobẹ̀ ni ìyàwó òun.

“Àna mi, ẹ jókòó.”

Ó sọ èèpo àgbọn kan sómi. Mo rò pé ìgbì yóò gbé e padà wá bá wa. Àfi bí omi ṣe wọ́ ọ lọ sí agbami, láti ibi kan tí ìgbì ò ti ń fọ́, tí ojú omi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fojú yàn!

“Ibi tó dákẹ́ yẹn ni ọ̀nà tí omi ń gbà jáde lọ,” ni ó wí. Ó ní bó bá gbé ènìyàn, kó má bá a jìjàkadì pé òun fẹ́ padà sílẹ̀ tààrà. Kó máa lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń bá etí òkun rìn, títí omi yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Agara ló ń pa àwọn tó ń kú níbẹ̀.

Òkun àwọn ọmọ Marseille, ilẹ̀ ló yí i ká. Ojú ọ̀nà tóóró ní Gibraltar ló ti ń pàdé Atlantic. Tiwa ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìgbì ń ti ìsàlẹ̀ gúúsù bọ̀ láìrí òkúta kan dá a dúró. Láyé ọjọ́un, ọkọ̀ òyìnbó kì í lè sún mọ́ ilẹ̀. Àwọn atukọ̀ etí òkun níbí ló ń la ìgbì kọjá kó ẹrù fún wọn. Wọ́n kó ẹrú pẹ̀lú.

Bàbá mú mi gba ẹ̀yìn ìlú lọ sí Mono. Ó so kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì mọ́ mi lábẹ́ apá, ó ní n ò gbọdọ̀ kọjá ibi tí omi ti mu mí dé àyà. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọdún méje lọ lúwẹ̀ẹ́ kọjá lára mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Àna mi, inú kí lẹ ti ń wẹ̀ ní Kétu?”

“Inú abọ́.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sómi. Èmi dúró pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mi, mò ń ka iye ìkòkò ìyá mi tí odò yìí ì bá kún.