Nígbà tí Ilẹ̀ Mì ní Abẹ́òkúta

Bí ènìyàn bá sọ fún ọmọ Ẹ̀gbá kan pé ilẹ̀ lè mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó rẹ́rìn-ín. Abẹ́ àpáta ni àwọn baba wa tẹ ìlú yìí dó sí ní ọdún 1830, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sí ẹ̀bá Olúmọ. Òkúta ni ibi ààbò wa, òkúta ni ìpìlẹ̀ ilé wa, òkúta náà ni a sì fi sọ ìlú wa lórúkọ. Ìlú tí ó jókòó lórí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò rò pé ó lè gbọ̀n? Síbẹ̀ ó ti gbọ̀n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì wà níbẹ̀ nígbà méjì.

Èkínní ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 1984. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó dé Ìbàdàn, ó dé Ṣágámù, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ohun tí mo rántí kò ju pé omi inú àmù ìyá bàbá mi ń jó, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Àwọn àgbà sọ ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ mìíràn sì gba ẹnu wọn.

Èkejì ni mo lè ròyìn rẹ̀ dáradára. Ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, nígbà tí aago mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oṣù ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ni. Mo sùn sí ilé ìyá mi ní Aké, mo sì ti jí, mo ń gbọ́ bí àwọn obìnrin àdúgbò ti ń dáná sààrì. Lójijì ni mo gbọ́ ìró kan láti ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bá ń gun òkè bọ̀. Kí n tó bi ara mi léèrè ẹni tí ń kó ẹrù lóru, ibùsùn mi ti ń mì. Àwọn abọ́ tí ìyá mi tò sórí pẹpẹ ń kan ara wọn; páànù orí ilé ń dún; eruku já láti àjà, ó sì bọ́ sí mi lójú. Kò pẹ́ rárá. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí ka oókan kò ní ka ẹẹ́wàá tán kí ó tó dákẹ́.

Ìyá mi ké láti inú yàrá rẹ̀ pé, "Ọmọ mi, ṣé o wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Mo wà níbí, Màámi. Ẹ má dìde, ẹ jẹ́ kí n wá bá yín."

Nígbà tí a jáde sí ìta, gbogbo àdúgbò ti wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí ń ké Allāhu ń ké e, ẹni tí ń ké Jésù ń ké e. Ọmọdé kan di ṣíbí ọbẹ̀ mú ṣinṣin bí ẹni pé ohun ìjà ni. Bàbá kan ní ó dá òun lójú pé àwọn tí ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú ni wọ́n yìn ín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú, nítorí pé ó ti mọ́ wa lára láti máa gbọ́ ìró wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ń fọ́ òkúta ní aago mẹ́ta òru? Ìyá mi nìkan ni ó dárúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ìsẹ̀lẹ̀ ni." Inú Bíbélì ni ó ti mọ ọ̀rọ̀ náà, níbi tí Èlíjà gbé dúró lórí òkè.

Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé kì í ṣe abẹ́ ẹsẹ̀ wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 128 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Abẹ́òkúta ni, ní ìhà orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìlaròó àti ní Ìjẹ̀bú-Òde. Agbára rẹ̀ ju 4 lọ díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn ilẹ̀ mímì. Kí ẹ má ṣe rò pé 5 fi díẹ̀ ju 4 lọ lórí òṣùwọ̀n yìí: bí a bá fi oókan kún un, agbára náà di ìlọ́po 32. Tiwa kékeré ni.

Èrèdí rẹ̀ ni pé èèpo ilẹ̀ ayé kò lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ó pín sí ọ̀pọ̀ pèpéle ńláńlá tí ń rìn díẹ̀díẹ̀, ìrìn wọn lọ́dún kò sì ju bí èékánná ṣe ń hù lọ. Níbi tí etí wọn gbé ń ha ara wọn ni ilẹ̀ ti ń mì jù, bí ní Japan àti Chile. Àwa jìnnà sí etí wọ̀nyí; àárín agbami Àtìláńtíìkì ni èyí tí ó sún mọ́ wa wà. Ṣùgbọ́n àwọn sísán àtijọ́ wà nínú àpáta abẹ́ ilẹ̀ wa, irú èyí tí ó gba Ìfẹ́wàrà kọjá, wọ́n sì lè yẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wàhálà bá pọ̀ lórí wọn. Àwọn ará Àkúrà ní ilẹ̀ Ghana mọ èyí jù wá lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, ilẹ̀ mì níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ilé wó, ó pa ju ènìyàn 15 lọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára títí dé Èkó àti Ìbàdàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí i pé ògiri ilé ìyá mi ti sán ní ọ̀nà mẹ́ta. Ilé alámọ̀ ni, bàbá bàbá mi ni ó kọ́ ọ, páànù ni ó wà lórí rẹ̀. Ọ̀ràn dé. Ẹ̀gbọ́n mi tí ń gbé Èkó wá ní ọjọ́ kejì, ó ní kí a wó o palẹ̀, kí a sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì búlọ́ọ̀kù sí i, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù ní ìsàlẹ̀ tí yóò máa mú owó wọlé. Ìyá mi kò jiyàn pẹ̀lú rẹ̀. Ó kàn wí pé, "Bàbá yín wà nínú yàrá yẹn." Òótọ́ ni; inú ilé náà ni a sin bàbá mi sí. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà, nítorí pé ta ni nínú wa ni yóò dáhùn bí ògiri náà bá wó lu obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún lóru?

A ránṣẹ́ pe bíríkìlà àgbàlagbà kan, ẹni tí ó ti kọ́ ilé alámọ̀ nígbà èwe rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Ó gba àtùpà lọ́wọ́ mi, ó sì tan iná sínú sísán kọ̀ọ̀kan. Nínú èkínní, aláǹtakùn ti ta owú, èéfín sísun igi sì ti sọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di dúdú. Èkejì náà rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, èyí ti wà níbí kí ẹ tó gbọ́n, ẹ kò wò ó rí ni." Ẹ̀kẹta nìkan, tí ó dagun láti igun fèrèsé lọ sókè, ni inú rẹ̀ mọ́ tí etí rẹ̀ sì mú. Ìyẹn ni iṣẹ́ òru ọjọ́ Ẹtì.

Ohun tí ó ṣàlàyé fún wa ní ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ó ní ilé mọ bí a ti ń ru ẹrù. Ohun tí kò mọ̀ ni bí a ti ń rù ú nígbà tí wọ́n bá fa ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró nínú ọkọ̀ ní Kútọ̀ tí ọkọ̀ náà sì gbéra lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bá ọkọ̀ lọ, orí rẹ̀ á ta sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ mímì ṣe ń ṣe ilé. Bí orí ilé bá ti wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni ìtasẹ́yìn náà ti le tó. Nítorí náà páànù fúyẹ́, ó dára. Àjà kọnkéré wúwo, ó sì ń fẹ́ òpó tí ó lágbára. Amọ̀ àti búlọ́ọ̀kù jẹ́ ọ̀kan náà nínú ọ̀ràn yìí: bí a bá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n á gbà á, bí a bá fà wọ́n, wọ́n á ya. Irin tí a fi sínú kọnkéré ni ó ń gba fífà náà, àní àwọn òrùka irin kéékèèké tí a fi ń so àwọn irin òpó pọ̀. Àwọn òrùka wọ̀nyí ni àwọn kan ń dín kù láti fi dín owó kù, nítorí pé bí a bá ti da kọnkéré lé e, ojú onílé kò rí i mọ́.

Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ ń sọ, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìkì ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ilé tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Bí ẹ ó bá kọ́ ọ, ẹ kọ́ ọ dáradára. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé amọ̀ yìí sàn jù ú lọ."

Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọdún yí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, ilẹ̀ mì ní Haiti, agbára rẹ̀ jẹ́ 7.0, ènìyàn tí ó kú sì ju 100,000 lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún kan náà, ó mì ní Chile, 8.8, èyí tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po 500 ti Haiti. Àwọn tí ó kú kò ju bí 500 lọ. Chile ní òfin ilé kíkọ́, wọ́n sì ń tẹ̀lé e. Ní Haiti ẹni tí ó bá fẹ́ ń kọ́ bí ó ti wù ú. Kí a má sì rò pé ó di ìgbà tí ó bá tó 7 kí ó tó lè pani: èyí tí ó ba ìlú Agadir jẹ́ ní Morocco ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1960 kò tó 6, síbẹ̀ ó pa ju 12,000 ènìyàn lọ, nítorí pé abẹ́ ìlú gan-an ni ó ti ṣẹ̀, àwọn ilé ibẹ̀ kò sì ní agbára.

Ibi tí ilé dúró sí tún jẹ́ ọ̀ràn pàtàkì. Ilẹ̀ rírọ̀ a máa sọ ìmì kékeré di ńlá. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Mexico ní 1985, olú-ìlú wọn jìnnà sí orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n orí adágún àtijọ́ tí ó ti gbẹ ni wọ́n kọ́ ọ sí, ibẹ̀ ni ilé sì ti wó jù. Àpáta tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ní California a máa wá òkúta tí ó dúró lórí òkúta mìíràn bí ẹni pé yóò ṣubú, nítorí pé ó jẹ́ ẹ̀rí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò tíì mì gidigidi láti ìgbà tí ó ti dúró bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gun Olúmọ, ẹ wo irú òkúta bẹ́ẹ̀ yíká. Wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀.

A kò wó ilé náà. Bíríkìlà náà fi òkúta àti sìmẹ́ńtì mọ ẹsẹ̀ ògiri níbi tí òjò ti jẹ ẹ́ wọlé, ó ní òjò ni ọ̀tá ilé alámọ̀ ju ilẹ̀ mímì lọ. Ó tẹ́ pákó líle yí orí gbogbo ògiri ká, ó kan àwọn igun rẹ̀ pọ̀, ó sì so igi òrùlé mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí ìyá ti ń fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Amọ̀ ni ó fi dí sísán náà. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ògiri, ó kọ̀. Ó ní sìmẹ́ńtì kò ní jẹ́ kí amọ̀ mí, omi yóò sì há sínú rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni iṣẹ́ náà gbà. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó parí, ìyá mi tún àwọn abọ́ rẹ̀ tò sórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ó ní kí n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí etí pẹpẹ náà kí wọn má baà já bọ́, mo sì kàn án.