Owó Ọkọ̀ Ẹni Tó Máa Padà Lọ

Lọ́dún 2022, GiveWell, àjọ ará Amẹ́ríkà tó ń wádìí ibi tí owó àánú ti lè wúlò jù, yọ àwọn ètò oògùn aràn kúrò lára àwọn tó ń fọwọ́ sọ̀yà fún. Wọn ò sọ pé oògùn náà ò dára. Ó lè ṣe oore ńlá, ó sì lè má fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Ìdánilójú wọn ni kò tó. Síbẹ̀, wọn ò ní àwọn ò ní náwó sí i mọ́.

Èyí ni kò jẹ́ kí òǹkọ̀wé yìí sinmi. Báwo lèèyàn ṣe ń ṣiyèméjì, tó tún ń náwó?

Ìyá rẹ̀ ìbá ti dáhùn. Bí ìsinmi bá ti ń parí lọ, màmá á to gbogbo ọmọ ilé sẹ́yìnkùlé, á fún ewúro sínú ife rọ́bà, á há hóró oògùn funfun mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Kì í béèrè ta ni inú ń run. Èyí tó sanra á mu, èyí tó rù á mu, ìfófòó ewúro á sì lẹ̀ mọ́ ètè gbogbo wọn. Oògùn náà ò wọ́n, kì í sì í sábà pa ọmọ lára. Kí wọ́n tó yẹ ìgbẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò, owó á ti ju ti oògùn lọ. Ọgbọ́n yìí kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò níbi tí aràn bá ti pọ̀.

Àmọ́ màmá ń rí àwọn ọmọ náà ní gbogbo àárọ̀. Ẹni tó fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun ò rí ẹnì kankan.

Ní Busia, ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà, owó àti òṣìṣẹ́ ò tó láti fún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 75 lóògùn lẹ́ẹ̀kan náà ní 1998. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta, ìpín kan ń ṣáájú èkejì. Àìtó yẹn gan-an ló jẹ́ kí nǹkan hàn síta. Edward Miguel àti Michael Kremer, ẹni tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2019, fi àwọn tó tètè gbà á wé àwọn tó ṣì ń dúró: pípa iléèwé jẹ fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tún ìṣirò náà yẹ̀ wò, awuyewuye sì bẹ́ sílẹ̀.

Àwọn kan ò yéé wá àwọn ọmọ yẹn kiri. Ní 2021 wọ́n jábọ̀ pé ní nǹkan bí 20 ọdún lẹ́yìn náà, ohun tí àwọn tó fi ọdún méjì sí mẹ́ta lo oògùn ju àwọn yòókù lọ ń rí ní wákàtí kan fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lé.

Òǹkọ̀wé yìí gbà pé kí á fúnni pẹ̀lú iyèméjì wa. Ohun tó wá ń dùn ún ni àwọn ọlọ́rẹ tó máa ń fẹ́ kí gbogbo kọ́bọ̀ wọlé sẹ́nu ọmọ. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà tó bá fi sílẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n yọ ẹgbẹ̀rún kan fún owó ọkọ̀ ẹni tó máa padà lọ bi àwọn ọmọ náà léèrè bóyá wọ́n ṣì ń lọ síléèwé, tàbí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe báyìí.