Páì Boston: kí ló wà nínú ègé kan?

Ìlú Boston ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni mo fẹ́ mú yín dé lọ́sẹ̀ yìí, nítorí oúnjẹ dídùn kan tí wọ́n ń pè ní Boston cream pie. Bí ẹ bá gbọ́ páì, ẹ má ro míìtì páì tiwa o. Àkàrà òyìnbó ni. Pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n máa ń gbé léra, wọ́n á fi kọ́sítáàdì sáàárín, wọ́n á wá da ṣokoléètì lé e lórí. Láyé ọjọ́un, páànù kan náà ni wọ́n fi ń yan páì àti kéèkì, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní páì.

Bí ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Park Street, níbi tí pápá ńlá Boston Common wà, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn dé òtẹ́ẹ̀lì Parker House, níbi tí òpópónà School ti pàdé Tremont. Harvey Parker ló dá òtẹ́ẹ̀lì náà sílẹ̀ ní 1855. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà ní ọ̀dọ̀ àwọn ni páì yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1856, wọ́n sì máa ń fi almond yíyan sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Malcolm X náà ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ń kó àwo lórí tábìlì. Nígbà tó di 1996, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi òfin sọ páì yìí di oúnjẹ dídùn ìpínlẹ̀ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Norton High School ló gbé àbá náà wá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo lọ kí níbẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ó pẹ́ tí àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra, wọ́n tilẹ̀ ti gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nítorí rẹ̀. Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ra páì yìí wálé. Ó wojú mi, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n jẹ ẹ́ ni, àbí kí n máa wò yín lẹ́nu?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí."

Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò ni ìwọ̀n ègé kan. Ìṣirò ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni pé bí a bá gé irú èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù sí mẹ́fà, ègé kan jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 92. Kálórì inú rẹ̀ tó 230, èròjà afáralókun tó gíráàmù 40, ọ̀rá tó gíráàmù 8, àmọ́ purotéènì tó ń kọ́ ara kò ju gíráàmù 2 lọ. Ẹyin kan ṣoṣo ní purotéènì gíráàmù 6! Afáralókun inú ègé yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti búrẹ́dì pẹlẹbẹ mẹ́ta. Bí ẹ bá wá gé páì náà sí mẹ́rin dípò mẹ́fà, kálórì ègé kan á di nǹkan bí 350.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye ṣúgà tí wọ́n fi kún un. Ẹ fi 4 pín gíráàmù rẹ̀, ẹ ó mọ iye ṣíbí kékeré tó jẹ́. Gíráàmù 24 jẹ́ ṣíbí mẹ́fà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2015 pé kí ṣúgà bẹ́ẹ̀ má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá kálórì tí èèyàn ń jẹ lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 50 fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000. Wọ́n ní yóò tún dára sí i bí kò bá tó ìdajì ìyẹn.

Ìdajì ègé ni ẹ̀gbọ́n mi jẹ. Kò fi ìrẹsì sínú àwo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì fo oògùn rẹ̀. Nígbà tó yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí méjì, kò kọjá iye tí dókítà rẹ̀ fún un. Kì í ṣe pé alátọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan dídùn láé, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kà á mọ́ oúnjẹ ọjọ́ náà. Kí oníkálukú bi dókítà tirẹ̀ léèrè o, ara ò dọ́gba. Bí ṣúgà bá sì lọ sílẹ̀ jù lára aláìsàn, ẹ má fún un ní páì tàbí ṣokoléètì, torí ọ̀rá inú wọn kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè wọ ẹ̀jẹ̀. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, omi ṣúgà ni kẹ́ ẹ fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é nílé, kọ́sítáàdì inú rẹ̀ kì í ṣe ti inú agolo tí a ń fi omi gbígbóná pò. Mílíìkì, pupa ẹyin, ṣúgà àti ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n fi ń sè é, kòkòrò àìsàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta fíríìjì. Níbi tí iná ìjọba kò bá ti ṣeé gbọ́kàn lé, ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa jẹ tán ni kẹ́ ẹ ṣe.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ẹ tọ́jú ara yín.