Bí Iná Orí Àpótí Ẹja Bá Kọ̀ Láti Tàn

Bí a bá sọ pé ọ̀rọ̀ ẹja ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ọ̀pọ̀ yóò rò pé ti ọbẹ̀ ni. Rárá o. Àpótí dígí kan wà ní ilé wa ní Àjàṣẹ́, tí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, tí ìdérí rẹ̀ sì ní iná gbọọrọ, irú èyí tí a ń pè ní néon. Àwọn àlejò a máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹ̀yin tí ọ̀sà wà nítòsí yín, ẹ wá ń ra oúnjẹ fún ẹja tí kò ní wọ ìkòkò!" A kì í bá wọn jiyàn, nítorí pé ìyá wa, tí ó ti lé ní 80 ọdún, ni ẹja náà wúlò fún jù. Ẹsẹ̀ kò gbé e jáde mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbé àga súnmọ́ dígí náà, yóò máa wò wọ́n títí tí a ó fi pa iná.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Kò pẹ́, ó kú pátápátá. Ìyá wa kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta ni ó tó pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, tí ó bi í jẹ́jẹ́ bóyá ọmọ náà ṣì ń rí àwọn ẹja. Ó ti gbà pé ojú òun ni ó kú, kò sì fẹ́ kí a mọ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ iná yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré fún wa.

Àbíkẹ́yìn wa ní tirẹ̀ sọ pé nígbà tí òun ti ọwọ́ bọ omi láti fún wọn ní oúnjẹ, omi náà ta òun bí èèrà. Òbí mìíràn ìbá ní kí ọmọ má purọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́! Omi tí ó bá ń ta ènìyàn lọ́wọ́, kúrán ti jò sínú rẹ̀. A kò fi ọwọ́ kan ìdérí náà. Ara ògiri ni a ti fa orí wáyà yọ. (Bí ògiri bá tutù, ibi kọ́ńtà ni kí a ti gé e.) Kí a tẹ bọ́tìnnì ojú wáyà nìkan kò tó, nítorí pé bọ́tìnnì náà lè jẹ́ wáyà kan ṣoṣo ni ó ń gé, kí èyí tí ó léwu sì ṣẹ́ kù. Ilé tí ó bá ní wáyà ilẹ̀ àti disjoncteur différentiel ti 30 mA, èyíinì ni irinṣẹ́ tí ń gé kúrán fúnra rẹ̀ bí ó bá ti ń jò, ní ààbò. Ilé àtijọ́ lè má ní i. Ẹ bi oníná yín léèrè.

Oníná tí a kọ́kọ́ pè kò tilẹ̀ tú ìdérí náà wò tí ó fi ní kí a lọ ra òmíràn. Ẹnìkejì, tí ó jẹ́ àgbà, jókòó, ó fi sùúrù wá àìsàn rẹ̀, àwa náà sì dúró tì í bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó fi fìtílà mìíràn dán ojú iná ògiri wò: kúrán wà. Lẹ́yìn náà ó kan sítátà, ohun róbótó kékeré tí a ń yí díẹ̀ sí apá òsì kí ó tó jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó jẹ́ kí kúrán kọ́kọ́ mú okùn tín-ín-rín ìpẹ̀kun méjèèjì néon gbóná, kí ó sì já a lójijì. Jíjá yìí ni ó ń mú kí bálásì, irin wíwúwo tí a fi wáyà bàbà wé, ta kúrán ńlá tí ń tan iná. Bí ìpẹ̀kun bá ń pọ́n tí àárín kò tàn, sítátà ni a kọ́kọ́ ń fura sí, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí ìpẹ̀kun bá dúdú bí èédú, néon náà ni ó ti gbó. Tiwa kò dúdú. Ó fi sítátà àti néon wa sí iná ilé ìdáná tí ó gùn bákan náà: ó tàn yòò.

Fìlà rọ́bà tí ó bo ìpẹ̀kun néon ni àrùn náà wà. Omi ti wọ inú rẹ̀, bàbà tí ó wà níbẹ̀ ti hu àwọ̀ ewé, wáyà tí ó wọ inú ìdérí sì ti là. Níbẹ̀ ni kúrán ti ń jò. A bi í bóyá a lè fi tépù dì í. Ó wò wá, kò dáhùn. Wáyà tuntun àti fìlà tuntun méjì ni ó fi sí i. Ooru tí ń ti inú omi gòkè ni ó gbé omi dé ibẹ̀, nítorí pé dígí pẹlẹbẹ tí ó wà láàárín omi àti iná ti sán ní igun kan. A gé tuntun. Ó tún ní kí wáyà kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ ju ojú iná ògiri lọ kí ó tó gòkè wọ inú rẹ̀, kí omi tí ó bá ń tọ wáyà wá lè kán sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá wa ka ẹja: mẹ́sàn-án, wọ́n pé.

Òkùnkùn ọjọ́ wọ̀nyí kò pa ẹja kankan. Ewéko inú omi ni ó nílò iná jù wọ́n lọ. Wákàtí 8 sí 10 lójúmọ́ tó. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ohun tútù yọ̀rọ̀ yóò bo dígí, ẹja náà sì nílò òru bí àwa náà.

Néon tí ó bá gbó, ẹ má fi fún ọmọ ṣeré. Mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, májèlé sì ni. Bí ó bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo ènìyàn jáde fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó fi páálí kó o. Ìgbálẹ̀ yóò kàn tú u ká ni. Nítorí májèlé yìí ni ilẹ̀ Yúróòpù ṣe fòpin sí títa ọ̀pọ̀ irú néon wọ̀nyí ní 2023. LED ni ó ń gba ipò wọn. Kò ní mẹ́kúrì, ó sì ń jẹ kúrán díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi LED gbọọrọ sí ìdérí tí ó ní bálásì, ẹ yọ sítátà àtijọ́, ẹ lo èyí tí wọ́n tà pọ̀ mọ́ ọn. Kí ẹ sì yẹ ara rẹ̀ wò fún IP67, èyí tí a ń kọ sí irú tí ó lè rì sínú omi fún ìgbà díẹ̀ láìbàjẹ́. Ti pálọ̀ kì í sábà ní i.